Ẹ Lọ Wo Ọkọ̀ Tó Rì

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ń rí àwọn fọ́tò tí ẹ ń fi ránṣẹ́ láti òkè òkun. Mo rí yín níwájú afárá, mo rí yín nínú ọjà ńlá, mo rí yín nínú yìnyín pẹ̀lú kóòtù tó wúwo ju ẹni tó wọ̀ ọ́ lọ. Kò burú; ìgbà ọ̀dọ́ ni ìgbà afẹ́. Àmọ́ bí ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni nínú yín bá kan Stockholm, olú ìlú Sweden, yálà ìwé ló gbé e débẹ̀ tàbí iṣẹ́, kó má kúrò níbẹ̀ láìdé ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n ń pè ní Vasa. Erékùṣù Djurgården ló wà, létí omi. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n torí rẹ̀ kọ́ ilé ńlá náà. Ẹ má rò pé ọkọ̀ akọni ni. Kò yin ìbọn lu ọ̀tá kankan rí. Ìrìn bíi 1,300 mítà péré ló rìn láyé, ó sì rì sínú èbúté ìlú tí wọ́n ti kàn án, lójú àwọn tó wá sìn ín sọ́nà.

Iṣẹ́ èbúté ni mo fi ìgbà okun mi ṣe. A kó ẹrù sínú ọkọ̀, a kó o jáde, a rí ọkọ̀ tó dúró ire, a rí èyí tó ń fì. Nítorí náà, bí mo bá ń sọ̀rọ̀ ọkọ̀, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ tẹ́rùn.

Ọba Gustav II Adolf ló pàṣẹ pé kí wọ́n kàn án. Ogun ń lọ láàárín òun àti Poland, òkun Baltic sì ni ọ̀nà tí ọmọ ogun, oúnjẹ àti ẹ̀tù ń gbà kọjá. Henrik Hybertsson, ọmọ ilẹ̀ Họ́láńdì tó mọ iṣẹ́ ọkọ̀ kíkàn dunjú, ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún. Ọdún 1626 ni òòlù bẹ̀rẹ̀ sí í dún. Àìsàn dá ọ̀gá yìí gúnlẹ̀, ó kú ní 1627, igbákejì rẹ̀ Hein Jakobsson sì gba iṣẹ́ náà ṣe. Margareta Nilsdotter, ìyàwó olóògbé, ló ń bójú tó ọgbà tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ náà lẹ́yìn ikú ọkọ rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọbìnrin, ẹ gbọ́ o.

Nígbà tí wọ́n kàn án tán, gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà 69, tí a bá ka igi gígùn tó yọ síwájú imú rẹ̀ mọ́ ọn. Láti ìdí rẹ̀ dé ṣóńṣó òpó tó ga jù, ó lé ní mítà 50. Ìbú rẹ̀ ò sì tó mítà 12. Àgbá 64 ni wọ́n tò sórí rẹ̀ ní ìpele méjì. 48 nínú wọn jẹ́ àgbá ńláńlá tí ọta irin wọn kọ̀ọ̀kan lé ní kílò 10. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tíyẹn túmọ̀ sí fún ẹni tí kò ṣe iṣẹ́ ọkọ̀ rí. Ìwúwo ìsàlẹ̀ ló ń mú ọkọ̀ dúró. Wọ́n kó òkúta bíi 120 tọ́ọ̀nù sínú ikùn Vasa, kò tó. Bí wọ́n bá sì ní kí àwọn tún kó òmíràn sí i, ọkọ̀ náà yóò jókòó sínú omi jù, àwọn fèrèsé tí wọ́n ń gbà yọ ẹnu àgbá ìsàlẹ̀ yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Ìdí ọkọ̀ náà ò fẹ̀ tó ohun tí wọ́n gbé lé e lórí, kò sì sí òkúta tó lè wo irú àìsàn bẹ́ẹ̀ sàn.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ 10 oṣù Kẹjọ ọdún 1628, ni wọ́n tú okùn rẹ̀. Èrò kún etí omi. Wọ́n gba àwọn atukọ̀ láyè láti mú ìyàwó àti ọmọ dání fún apá àkọ́kọ́ ìrìn náà, bí ẹni ń lọ òde ìnáwó. Atẹ́gùn ò le lọ́jọ́ náà. Wọ́n fi okùn fa ọkọ̀ náà láti ẹ̀bá ààfin títí ó fi dé ibi tí atẹ́gùn lè bá a, wọ́n ta mẹ́rin nínú ìgbòkun mẹ́wàá rẹ̀, wọ́n yìnbọn ìkíni. Gbogbo fèrèsé àgbá ló wà ní ṣíṣí. Atẹ́gùn kan fẹ́, ọkọ̀ náà fì, ó tún nàró. Òmíràn fẹ́, ó fì sí òsì, kò nàró mọ́. Omi gba fèrèsé ìsàlẹ̀ wọlé. Ó rì sínú omi tó jìn tó mítà 32, tòun ti ìgbòkun àti àsíá rẹ̀, ibi tó sì rì sí kò ju bíi 120 mítà lọ sí ilẹ̀. Èèyàn bíi 150 ló wà nínú rẹ̀. Nǹkan bí 30 ló bá a lọ.

Ó dáa. Ẹ ti dé ẹnu ọ̀nà ilé náà, ẹ ti sanwó. Ẹ mú ẹ̀wù òtútù dání, kódà bó jẹ́ ìgbà oòrùn wọn lẹ lọ, torí wọn kì í jẹ́ kí inú ibẹ̀ gbóná. Iná ibẹ̀ ò mọ́lẹ̀ púpọ̀, nítorí ìmọ́lẹ̀ a máa ba igi jẹ́. Ẹ dúró díẹ̀ kí òkùnkùn náà bá ojú yín mu. Ohun tí ẹ ó rí yóò dẹ́rù bà yín: odidi ọkọ̀ tó dúdú mìnìjọ̀, tó ga bí ilé alájà púpọ̀, èyí tó pọ̀ jùlọ nínú igi rẹ̀ sì jẹ́ igi ọdún 1628 gan-an.

Àwọn èèyàn a máa sáré gun òkè lọ ya fọ́tò ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí iṣẹ́ ọnà pọ̀ sí. Ẹ̀yin, ẹ kọ́kọ́ sọ̀ kalẹ̀. Ẹ lọ sí ìpele ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ dúró lábẹ́ ikùn ọkọ̀ náà, kí ẹ wá gbójú sókè. Ẹ ò nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé fún yín. Ojú yín ni yóò sọ ọ́: ìsàlẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́, òkè ga, òkè wúwo. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí ẹ wá gòkè lọ wo ọnà. Àwọn agbẹ́gilére gbẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún ère sí i lára: kìnnìún, áńgẹ́lì, ọba Róòmù àtijọ́, jagunjagun. Wọ́n kùn wọ́n ní àwọ̀ tó ń tàn yòò. Ọkọ̀ kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ gidi náà, tí wọ́n ṣe ní ìdá mẹ́wàá rẹ̀, tí wọ́n sì kùn bó ṣe rí nígbà yẹn. Níwájú ọkọ̀, ẹ wá ère ọkùnrin ọlọ́lá Poland kan tó ká gúlútú sábẹ́ bẹ́ńṣì. Èébú ni wọ́n fi gbẹ́ ẹ. Wọn ò tíì pàdé ọ̀tá, wọ́n ti gbẹ́ ẹ̀sín rẹ̀ sára ọkọ̀.

Ohun kékeré kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ fojú sí. Wọ́n rí rúlà mẹ́rin tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń wọn igi lára ọkọ̀ náà. Méjì jẹ́ ti Sweden, tí ẹsẹ bàtà kan jẹ́ íǹṣì 12. Méjì jẹ́ ti Amsterdam, tí ẹsẹ bàtà kan jẹ́ íǹṣì 11. Àwọn tó ń kan ọkọ̀ kan náà, ìwọ̀n wọn ò dọ́gba! Àwọn onímọ̀ tó wọn ọkọ̀ náà lóde òní rí i pé ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ nípọn ju ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún lọ. Kì í ṣe ìyẹn nìkan ló rì í, ṣùgbọ́n ẹ rí bí àìbára-ẹni-sọ̀rọ̀ ṣe ń wọ inú igi lọ.

Ọ̀rọ̀ tí mo torí rẹ̀ pè yín ló kù. Kí ọkọ̀ náà tó ṣí, wọ́n dán an wò. Söfring Hansson, ọ̀gá ọkọ̀, fẹ́ kí Klas Fleming, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá àgbà ọmọ ogun ojú omi, fojú ara rẹ̀ rí ohun tó ń ba òun lẹ́rù. Wọ́n ní kí ọkùnrin 30 máa sáré láti ẹ̀gbẹ́ kan ọkọ̀ dé ẹ̀gbẹ́ kejì. Wọ́n sáré lẹ́ẹ̀kíní, ọkọ̀ náà fì. Wọ́n sáré lẹ́ẹ̀kejì, ó fì jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́ẹ̀kẹta, Fleming ní kí wọ́n dáwọ́ dúró, kí ọkọ̀ má baà dojú dé níbi tí wọ́n so ó mọ́. Jöran Matsson, olórí àwọn atukọ̀, sọ fún un pé ìdí ọkọ̀ náà ti há jù. Èsì tó gbà ni pé ẹni tó kàn án ti kan ọkọ̀ rí, kò sí ohun tó yẹ kó máa kọ ọ́ lóminú.

Ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ọba wà lójú ogun, ó ń fi lẹ́tà ránṣẹ́ pé ọkọ̀ dà. Ta ni yóò kọ̀wé sí i pé ọkọ̀ tó fọwọ́ sí kò lè dúró lórí omi? Hansson mọ̀. Fleming mọ̀. Matsson mọ̀. Ọgbọ̀n ọkùnrin tó sáré náà mọ̀, torí abẹ́ ẹsẹ̀ wọn ni ọkọ̀ náà ti ń mì. Wọ́n mọ̀ tán, wọ́n tún jẹ́ kó ṣí.

Nílé wa, a máa ń kọ́ ọmọ pé bí àgbà bá ń sọ̀rọ̀, kó pa ẹnu mọ́. Mi ò ní sọ pé ẹ̀kọ́ náà burú. Lórí ẹní, ẹ̀kọ́ gidi ni; lórí ọkọ̀, ó lè pani. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilẹ̀ Ifẹ̀. Ohun tí Ifẹ̀ fi dúró ni pé wọ́n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ọmọdé dé ibi tí yóò ti ṣiṣẹ́. Matsson sọ̀rọ̀, ó ṣe dáadáa, àmọ́ ẹ̀ẹ̀kan ló sọ ọ́, ẹnì kan ṣoṣo ló sì sọ ọ́ fún, ẹni náà sì pa á lẹ́nu mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ nínú yín yóò ṣe wà: ọmọ iṣẹ́ tó rí i pé irin ilé kò tó, nọ́ọ̀sì tó rí i pé òògùn ti kọjá ọjọ́, akọ̀wé tó rí i pé ìwé owó ò bára mu. Ẹni tó rí nǹkan kì í sábà jẹ́ ẹni tó ní agbára láti dá a dúró.

Mo mọ akọ̀wé kékeré kan lẹ́bùúté níjọ́sí, ọmọ Ìjẹ̀bú, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́rìnlélógún lọ. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa kọ iye ẹrù sílẹ̀. Ó rí i pé wọ́n ń to kọ̀ǹtéénà tó kún fọ́fọ́ lé orí èyí tó ṣófo. Ó sọ fún fọ́mánì, fọ́mánì jágbe mọ́ ọn. Kò bá a jà, kò sì bú u. Ó kí i, ó lọ jókòó, ó fi báírò kọ nọ́ńbà àwọn kọ̀ǹtéénà náà sínú pépà, ó kọ wákàtí àti ọjọ́ sí i, ó mú un lọ fún ọ̀gá fọ́mánì. Wọ́n ní kí kírénì padà sọ méjì kalẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, fọ́mánì ò sì dáhùn ìkíni rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́. Irú èèyàn tí mo fẹ́ kí ẹ jẹ́ nìyẹn. Ẹ dọ̀bálẹ̀, ẹ kúnlẹ̀, ẹ pe ọ̀gá ní "sà," ẹ pe ìyá àgbà ní "mà," kí ẹ tún sọ ọ́. Bó bá jágbe, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí kò bá kà á, ẹ wá ẹni tó jù ú lọ.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tó ń ka ìwé yìí lẹ́yìn àwọn ọmọ, èyí kàn yín náà. Fleming kì í ṣe ìkà. Ọ̀gá tí iṣẹ́ ń kán lójú ni, tí ọba ń dúró dè é. Irú wa ni.

Lẹ́yìn tí ọkọ̀ rì, wọ́n mú ọ̀gá ọkọ̀ tì mọ́lé. Wọ́n bi í bóyá ó ti mutí yó, ó búra pé rárá. Wọ́n bi í bóyá wọn ò so àgbá mọ́lẹ̀ dáadáa, ó ní àwọn so ó. Nínú oṣù Kẹsàn-án, ìgbìmọ̀ ọba jókòó ní ààfin láti wádìí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n bi Hein Jakobsson ìdí tí ọkọ̀ náà fi há. Ó ní ìwọ̀n tí ọba fọwọ́ sí lòun tẹ̀ lé. Ẹni tó kọ́kọ́ gba iṣẹ́ náà ti kú. Bí a bá ní ká bẹ́ igi, a ó bẹ́ èèyàn. Wọ́n ká ìwé ìwádìí náà, wọn ò fìyà jẹ ẹnikẹ́ni.

Bí ẹ bá ti wo ọnà àti rúlà náà tán, ẹ lọ sí yàrá àwọn òkú. Egungun bíi èèyàn 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n rí, wọ́n sì ti fi ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ mọ ojú díẹ̀ nínú wọn padà, ẹ ó rí wọn bí ẹni pé wọ́n fẹ́ bi yín léèrè nǹkan. Ọ̀kan wà tí wọ́n ń pè ní Gustav láti ọjọ́ pípẹ́. Ní 2023, ìdánwò DNA fi hàn pé obìnrin ni, wọ́n sì yí orúkọ rẹ̀ sí Gertrude. Obìnrin náà lọ òde ọkọ̀, kò padà wálé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ya fọ́tò ara yín níbẹ̀. Ẹ ṣí fìlà. Òkú èèyàn ni, wọ́n ní ìyá, wọ́n ní baba.

Wọ́n rí ẹrù àwọn atukọ̀ náà pẹ̀lú: síbí onígi, fìlà, pátákó ayò wọn, owó ẹyọ tó lé ní 4,000 tó jẹ́ pé bàbà lọ̀pọ̀ rẹ̀. Wọ́n bá mẹ́fà nínú ìgbòkun náà ní kíká, níbi tí wọ́n tọ́jú wọn sí nínú ọkọ̀.

Báwo ni igi ṣe wà nínú omi fún ọdún 333 tí kò jẹrà? Kòkòrò kan wà nínú òkun tó máa ń jẹ igi ọkọ̀ di ihò. Omi Baltic ò níyọ̀ tó èyí tí kòkòrò náà lè gbé inú rẹ̀, ìyẹn ló ṣe wà. Àgbá nìkan ni wọ́n kọ́kọ́ lọ kó. Láàárín 1663 sí 1665, àwọn ọkùnrin wọ inú agogo òjé ńlá kan tí atẹ́gùn há sí, wọ́n sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú omi tútù tó ṣókùnkùn, wọ́n sì fa àgbá tó lé ní 50 jáde. Ẹ ronú iṣẹ́ yẹn wò. Lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n gbàgbé ọkọ̀ náà títí di 1956, nígbà tí Anders Franzén, tó ti ń wá a kiri, sọ irin kan sínú omi tó sì fà á jáde pẹ̀lú ègé igi óákù dúdú. Àwọn tó ń mòòkùn fi omi líle gbẹ́ ihò mẹ́fà gba abẹ́ ọkọ̀ náà kọjá nínú òkùnkùn, wọ́n ki okùn irin bọ̀ ọ́. Ọjọ́ 24 oṣù Kẹrin ọdún 1961 ló yọrí lókè omi.

Wọn ò lè jẹ́ kó gbẹ lójijì, torí igi tó ti mu omi pẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò sán. Ọdún 17 ni wọ́n fi ń wọ́n kẹ́míkà polyethylene glycol sí i lára, kó lè rọ́pò omi inú igi náà. Títí dòní, iṣẹ́ ò tán. Wọ́n ti yọ bọ́ọ̀tì irin tó lé ní 5,000 tó ń dógùn-ún, wọ́n fi èyí tí kì í dógùn-ún rọ́pò. Nígbà òjò ọdún 2000, aṣọ tútù àti èémí àwọn àlejò nìkan mú kí atẹ́gùn inú ilé náà rin jù, àsìdì sì yọ lára igi. Nítorí náà, bí ẹ bá wọbẹ̀ nígbà òjò, ẹ gbọn aṣọ yín lẹ́nu ọ̀nà.

Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé àṣìṣe wọn ni wọ́n ń fi gbogbo owó àti ọgbọ́n yìí tọ́jú. Ìtìjú ọba wọn ni, wọ́n kọ́ ilé fún un ní 1990, àlejò tó lé ní mílíọ̀nù kan ń wá wò ó lọ́dún. Àwa ẹ̀wẹ̀, bí nǹkan wa bá wó, a ó kó àwókù rẹ̀ dànù, a ó gbàdúrà, a ó máa bá tiwa lọ. Mi ò bú àdúrà. Àmọ́ kí ìwé àti àwókù náà wà níbì kan, kí ọmọ tó ń bọ̀ lè fọwọ́ kàn án.

Bí ẹnì kan bá sì ní òyìnbó nìkan ló ní ọkọ̀ àtijọ́, ẹ sọ fún un pé kó lọ bèèrè. Ní 1987, Fúlàní darandaran kan ń gbẹ́ kànga ní abúlé Dufuna, ìpínlẹ̀ Yobe, ó kan igi líle nínú ilẹ̀. Ọkọ̀ ọ̀pẹẹrẹ ni, tó gùn ju mítà 8 lọ, ọjọ́ orí rẹ̀ sì tó nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ọdún. Ọ̀kan nínú àwọn ọkọ̀ tó pẹ́ jù láyé ni. Damaturu ni wọ́n gbé e sí. Ẹ̀yin tó mọ Vasa lórí fóònù, mélòó nínú yín ló ti gbọ́ orúkọ Dufuna rí?

Ẹ padà sí Stockholm. Ọkọ̀ kan wà tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀ ní Äpplet, àbúrò Vasa, tí Hein Jakobsson kan náà kàn. Ó mú kí ìbú rẹ̀ fi bíi mítà kan ju ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Wọ́n gbé e sómi ní 1629, ó sì sin Sweden fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, títí wọ́n fi mọ̀ọ́mọ̀ rì í ní Vaxholm ní 1659 láti fi dí ọ̀nà omi. Àwọn tó ń mòòkùn rí i níbẹ̀ ní 2021. Bí ẹ bá dé ilé Vasa, ẹ ní kí amọ̀nà sọ ti Äpplet fún yín. Wọ́n gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, wọn kì í sì í kánjú.